Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Fọ́ọ̀mù Yín? Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ilé àti Ẹ̀tọ́ Ìdílé Ṣọ́jà

  Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé tó kọjá sílẹ̀, torí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò sí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ lórí pápá, ẹ forí jì mí. Ọdún 26 tí mo fi ṣe akọ̀wé owó nínú iṣẹ́ ológun ló fà á.

Ìbéèrè kan ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá wa kan ní Igbó-Ọrà fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Wọ́n ní ọmọ àwọn obìnrin àti ọkọ rẹ̀, ṣọ́jà ni àwọn méjèèjì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Wọ́n gbọ́ pé ìjọba ibẹ̀ ń san owó ilé fún ṣọ́jà. Ṣé owó náà á wá di ìlọ́po méjì, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ méjì ló dé lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn kan fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tó dáa ni, màá sì dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ nílé ná, torí pé ilé ni mo ti rí ẹkún.

Ọmọkùnrin kan wà, láti ọ̀kan nínú ìlú méje wa. Mi ò ní dárúkọ ìlú, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ọmọ 20 ọdún ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà. Ní Depot ní Zaria, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀: ta ni next of kin rẹ, ìyẹn ẹni tí a máa wá kàn bí nǹkan bá ṣe ọ́? Kò tíì níyàwó. Ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó fún un lówó ọkọ̀ dé Zaria. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà, ó gbéyàwó. A ṣe ìdána, a jẹ, a mu, ìlù dún. Wọ́n bímọ mẹ́ta, bárékè ni wọ́n ń gbé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí Borno. Kò padà wá.

Ìyàwó rẹ̀ dé ọ́fíìsì, wọ́n ṣí fáìlì. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ obìnrin náà, kò sí orúkọ ọmọ kankan. Ẹ má rò pé ìkà ni akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ o. Mo ti jókòó lórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin á máa sunkún níwájú rẹ, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ìwé ni wàá tẹ̀ lé, torí pé bí o bá tẹ̀ lé ẹkún, ẹlòmíràn á dé lọ́la pẹ̀lú ẹkún tirẹ̀, á ní òun gan-an ni ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n gba owó. Ó fún obìnrin náà ní díẹ̀, ó fi èyí tó kù parí ilé ara rẹ̀. Ó ní ta ló sanwó ilé-ìwé àbúrò òun? Ilé bárékè kì í sì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Aṣọ ológun ló ni ín. Ẹni tó ń wọ aṣọ náà ti lọ. Wọ́n fún obìnrin náà ní àsìkò díẹ̀, ó kẹ́rù, ó wálé. Gàrí ló ń tà báyìí. Ọmọ rẹ̀ àgbà ti fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn ná o. Èyí tó kù, àlàyé ni.

Ní Nàìjíríà, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun, Military Pensions Board ní Abuja ló ń bójú tó o. Ẹ má lọ máa wá owó ọkọ yín kiri ọ̀dọ̀ àwọn PFA tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yòókù ń lò. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ ológun kúrò nínú ètò ìdáwó yẹn. Lẹ́yìn èyí, ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí wà tí wọ́n ń pè ní Group Life Assurance. Àwọn Army tún ní tiwọn lọ́tọ̀, Nigerian Army Welfare Insurance Scheme. Ẹ rántí orúkọ méjèèjì yìí, torí pé ọ̀pọ̀ opó ló gba ọ̀kan tí kò mọ̀ pé ìkejì wà. Orúkọ next of kin sì ni wọ́n máa pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ san án.

Ní ti owó ilé, ẹ̀yin ìyàwó ṣọ́jà tí ẹ ń wá a nínú ìwé owó oṣù ọkọ yín, ẹ lè wá a títí kí ẹ má rí i. Wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ àlàwáǹsì, owó ilé pẹ̀lú, sínú owó oṣù kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní CONAFSS. Ẹni tó rí ilé gbà ní bárékè, bí àwọn tó wà ní Òjòó tàbí Letmauck ní Mọ́kọ́lá, ti rí tirẹ̀. Ẹni tí kò rí ilé gbà, inú owó oṣù yẹn náà ni yóò ti háyà ilé. Ẹ wo ìdí tí ọ̀pọ̀ ṣọ́jà fi ń fẹ̀yìn tì láìní orùlé kankan: ọdún 30 nínú ilé ìjọba, lọ́jọ́ kan wọ́n ní kó kó jáde. Olóògbé Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú, rí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó jẹ́ olórí Army, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn ṣọ́jà tí kì í ṣe ọ́físà, ní Idu ní Abuja. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ẹni tó bá ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Tápà tàbí Ayétẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kó má dúró de ètò kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn bàbá wa tó lọ sí Bọ́má nígbà ogun Hitler, wọ́n máa ń yan lára owó oṣù wọn sílẹ̀ fún ará ilé. Ìjà tó sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn náà ni: ta ni yóò gbà á, ìyá ni àbí ìyàwó, ìyálé ni àbí ìyàwó kékeré? Letmauck tí a ń dárúkọ yìí, ibi tí àwọn ọmọ wa ti jagun ní Bọ́má ni wọ́n mú orúkọ rẹ̀.

Ó yá, Amẹ́ríkà. Ọmọ wa pọ̀ nínú iṣẹ́ ológun ibẹ̀. Ní 2009 wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, MAVNI, tó ń gba àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè wọn nígbà náà nítorí èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Èdè ìyá rẹ sọ ọ́ di ṣọ́jà Amẹ́ríkà, ẹ ò rí nǹkan!

Owó ilé tiwọn ń jẹ́ BAH. Wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń wò: ipò ṣọ́jà náà, ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ó ní ẹni tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ tàbí kò ní. Bóyá ó ní tàbí kò ní, mo ní. Wọn kì í ka iye. Ẹni tó ní ọmọ kan àti ẹni tó ní mẹ́fà, iye kan náà ni wọ́n máa gbà bí ipò àti ìlú wọn bá jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, ìyá wa, ìbejì kì í sọ owó náà di méjì. Ẹ kú oríire ìbejì ṣá, Ọlọ́run á wò wọ́n.

Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ ṣọ́jà, tí wọn kò tíì bímọ, oníkálukú wọn máa gba tirẹ̀ ní iye ti ẹni tí kò lẹ́bí. Bí wọ́n bá bímọ, tí wọ́n sì jọ ń gbé, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni owó rẹ̀ máa gòkè sí ti ẹni tó lẹ́bí. Ẹnì kejì á máa gba tirẹ̀ bó ṣe wà. A mọ ara wa ní Igbó-Ọrà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, èmi á fi Táíwò gbà, ìwọ fi Kẹ́hìndé gbà. Wọn ò ní gbà fún yín. Ohun tó mọ́gbọ́n wá ni kí ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù gbà á lórúkọ àwọn ọmọ, torí pé tirẹ̀ ló máa pọ̀ jù. Bí wọ́n bá sì ń gbé ilé ìjọba nínú bárékè ibẹ̀, owó náà á wọ inú ilé yẹn, kò ní dé ọwọ́ wọn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ìyàwó wọn ṣì wà nílé níbí, ní Èrúwà, ní Ìdèrè, tó ń dúró de ìwé. Wọ́n ti fi orúkọ obìnrin náà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń gba owó ilé ti ẹni tó lẹ́bí lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Wọn kì í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin, òfin Army Amẹ́ríkà wà tó ń jẹ́ AR 608-99, tó sọ pé ṣọ́jà gbọ́dọ̀ máa gbọ́ bùkátà ẹbí rẹ̀. Ìyàwó yín lè kọ̀wé sí ọ̀gá yín. Mi ò sọ èyí láti da ilé rú o, kí ẹ jọ yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí ló dáa jù.

Bí ikú bá sì dé lọ́hùn-ún, 100,000 dọ́là ni ìjọba máa san fún ìdílé. Ìnṣọ́ránsì wọn, SGLI, lè tó 500,000 dọ́là láti 2023. Ẹni tí ṣọ́jà náà kọ orúkọ rẹ̀ ló máa gba ti SGLI. Bó bá jẹ́ orúkọ ìyàwó àtijọ́ tó ti kọ̀ sílẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀, ìyàwó àtijọ́ á gbà á. Ẹ rí i pé ti Zaria náà ló tún dé yìí.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kù. Ìdána tí a ṣe ní ojú gbogbo ẹbí, ìgbéyàwó gidi ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ akọ̀wé ní Abuja tàbí ní Texas kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin ọdún 1992 ní kí a forúkọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́. Mélòó nínú wa ló ṣe é? Ẹ gba ìwé ìbí ọmọ lọ́dọ̀ àwọn National Population Commission. Kí orúkọ sì bá ara mu! Mo ti rí fáìlì tí wọ́n kọ Ìyá Ìbejì síbi orúkọ ìyàwó. Ìyá ìbejì wo, ní Igbó-Ọrà? Ọmọ tó jẹ́ Taiwo lórí ìwé ìbí, tó di Taiye nílé-ìwé, wàhálà ni ẹ ń tọ́jú dè é.

Mo mọ ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Ìyàwó tó bá bi ọkọ pé ta lo kọ sí fọ́ọ̀mù, ìyá ọkọ á ní ó ti ń retí ikú ọmọ òun. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó béèrè. Ọkùnrin ni kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Èmi tí mo ń pariwo yìí, orúkọ ìyá mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù tèmi fún odindi ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti kú. Akọ̀wé owó ni mí o! Ọjọ́ kan tí mo ń tún fáìlì ẹlòmíràn ṣe ni mo rántí tèmi. Òógùn bò mí.

Sátidé tó ń bọ̀, láti aago 10 àárọ̀, màá wà ní gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọkọ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, kó mú orúkọ tó péye wá, ti ìyàwó àti ti ọmọ, bó ṣe wà lórí ìwé, a ó jọ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì fi ránṣẹ́ sí i kó lọ wo fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mi ò gba owó kankan. Ẹ bá mi mú bírò wá, torí pé èyí tí mo gbé wá nígbà tó kọjá, mi ò rí i mọ́.