Nígbà Tí Ẹja Inú Táǹkì Bá Ń Ṣàìsàn: Ẹ Tọ́ Omi Wò Kí Ẹ Tó Bu Iyọ̀ Sí I

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, àtúnṣe ni ìdajì rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ láàbọ̀ nígbà kan, ẹlòmíràn ló sì jìyà àbọ̀ tó kù.

Nígbà òjò tó kọjá ni mo sọ fún yín pé iyọ̀ dára fún ẹja àrọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Òótọ́ ni. Mo sọ ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tó di oṣù kejì ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú ganan, ìyá kan ránṣẹ́ pè mí ní Coconut, ní apá ibi tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí Tin Can. Ìyá yìí yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀, ó fi ra 400 ọmọ ẹja àrọ̀, ó sì ń sìn wọ́n nínú táǹkì tapólì méjì lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹja tó lé ní ọgọ́rùn-ún ti léfòó nínú táǹkì kejì, wọ́n ti dojú ikùn sókè. Àwọn tó kù dúró lóòró nínú omi, ẹnu lókè, ìrù nísàlẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí lẹ dà sí omi yìí?"

Ó ní, "Iyọ̀ tí o sọ ní rédíò náà ni, ọmọ mi. Mo wọ̀n ọ́n bí o ṣe wí, n kò fi ẹyọ kan lé e."

Mo bu omi kànga rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi ahọ́n kàn án. Ó níyọ̀. Iyọ̀ ti wà nínú omi náà kí ìyá tó bu tirẹ̀ sí i. Ohun tí n kò sọ lórí rédíò nìyẹn: ẹ tọ́ omi yín wò ná.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Coconut, Ajégúnlẹ̀, Amùkokò, Tòlú àti Kirikiri, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé ọ̀sà kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé yín. Nígbà òjò, omi odò a máa ya wọ ọ̀sà Èkó láti òkè, omi ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọlé, a wọ inú ọ̀sà, apá Apápá tó sún mọ́ ẹnu òkun a sì níyọ̀ gidigidi. Kànga tó wà nítòsí rẹ̀ kì í gbẹ́yìn. Bí a bá sì ti ń fa omi jù lábẹ́ ilẹ̀, omi oníyọ̀ ni yóò máa wá gbapò omi tútù tí a fà. Nítorí náà, kànga tó dára fún ẹja yín ní oṣù kẹfà lè máà jẹ́ kànga kan náà mọ́ ní oṣù kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi kan náà ni ẹ ti ń pọn ọ́n. Ẹni tí kò bá fẹ́ tọ́ ọ wò, kó fi ọṣẹ fọ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọṣẹ bá kọ̀ tí kò hó bó ṣe ń hó tẹ́lẹ̀, ẹ fura sí omi náà.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe fún ẹja odò, tí a fi ń pè é ní oògùn? Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ó ju èyí tó wà nínú omi odò lọ. Omi ń wọ ara ẹja náà tọ̀sán tòru, iyọ̀ ara rẹ̀ sì ń jò jáde díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí ara rẹ̀ ń ṣe ni pé kó máa tu omi dànù, kó sì máa di iyọ̀ mú. Ẹja tó bá lègbò lára tàbí tí àìsàn ti mú, agbára iṣẹ́ yìí a dín kù. Bí a bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, ẹrù rẹ̀ a fúyẹ́, agbára tó kù a sì lọ sí ibi ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ, omi ara ẹja ni yóò máa jáde, òùngbẹ ni yóò sì pa á nínú omi. Omi òkun gan-an ní gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Ẹja àrọ̀ kì í ṣe ẹja òkun. Bí iyọ̀ bá ti ń sún mọ́ gíráàmù 10 nínú lítà kan, wàhálà ti dé bá a, àgàgà ọmọ ẹja, àgàgà èyí tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ìyá tó bu iyọ̀, kí ló kọ́kọ́ ṣe ẹja rẹ̀? Mo bèèrè, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ẹja dín oúnjẹ kù. Ó rò pé ebi ló mú wọn rọ, ó bá tún oúnjẹ dà. Oúnjẹ náà sọ̀ sílẹ̀, ó ń jẹrà. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn táǹkì àìsàn tí wọ́n ti pè mí wá wò, omi ló kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú èyí tó pọ̀ jù, ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ni.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà a máa tú májèlé amóníà sínú omi, irú èyí tí ń ta yín nímú nínú ilé adìẹ. Kò dìgbà tó bá rùn nínú omi kó tó pa ẹja. Àwọn kòkòrò rere kan tí ojú kò rí, tí wọ́n ń gbé lára táǹkì, ló máa ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, àwọn mìíràn a sì sọ náítíráìtì di ohun tí kò lè ṣe ẹja ní jàǹbá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Táǹkì tuntun kò tíì ní àwọn kòkòrò wọ̀nyí tó. Ìdí nìyẹn tí ẹja inú táǹkì tuntun fi máa ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, tí ẹni tó ni ín yóò sì máa wá ẹni tó ṣe é lọ́wọ́. Náítíráìtì a máa sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Iyọ̀ díẹ̀ kì í jẹ́ kí náítíráìtì ráyè wọ ara ẹja. Ẹ ò rí i pé iyọ̀ wúlò. Àṣìlò rẹ̀ ni mo wá bá wí.

Bí ẹ bá wá jí lówùúrọ̀ tí ẹ rí ẹja tó dúró lóòró, tó ń fara ha ògiri táǹkì, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń jẹ, tí funfun bí òwú hù lára rẹ̀, tàbí tí ikùn rẹ̀ pọ́n, ẹ dá oúnjẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹja àrọ̀ lè wà láìjẹun fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kò sì ní kú. Ẹ fa ìdajì omi jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí wà. Ìdajì ni mo wí. Ẹni tó bá da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan ń gbé aláìsàn láti inú iná sínú yìnyín ni. Omi tí ẹ máa dà padà kò gbọdọ̀ tutù jù tàbí gbóná jù ti inú táǹkì. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ dà á sí dírọ́ọ̀mù tó la ẹnu sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kí kọ́lórì inú rẹ̀ lè fò lọ. Bó bá jẹ́ omi mẹ́rúwà, tí wọ́n ń fi ọmọlanke tì kiri, ẹ tọ́ kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan wò, nítorí ẹ kò mọ kànga tí wọ́n ti pọn ọ́n. Omi òjò tí ẹ gbè pamọ́ dára fún àdàlù bí kànga bá níyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù ná.

Ẹ rọra máa da omi náà láti òkè, kó máa dún ṣòròrò, nítorí bó ṣe ń já lulẹ̀ ló ń kó afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹja àrọ̀ lè yọ ẹnu gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Ẹpìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bíi tirẹ̀, ẹni tó ń sin ẹpìyà tí iná mànàmáná sì lọ, kó má sùn.

Ìgbà tí a bá ti ṣe èyí tán ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ kàn. Bí omi yín kò bá níyọ̀ rárá, ìwọ̀n tó kéré jù ni gíráàmù 1 nínú lítà kan: iyọ̀ kílò kan fún táǹkì lítà 1000. Bí àìsàn bá le, ẹ lè gbé e dé gíráàmù 3, ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ọjọ́ 2 tàbí 3. Ẹ yọ́ iyọ̀ náà nínú korobá omi kí ẹ tó dà á káàkiri, kó má baà já lé ẹja lára ní wóró. Iyọ̀ ìsebẹ̀ lásán ni o. Ẹnì kan ti bi mí bóyá Magí ń ṣiṣẹ́; mo ní kó lọ fi se ọbẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ omi, iyọ̀ inú omi tí ẹ fà jáde nìkan ni ẹ óò dá padà. Omi tó ń gbẹ kì í gbé iyọ̀ lọ, nítorí náà ẹ má fi iyọ̀ kún un torí pé omi fà. Bí omi yín bá sì níyọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ẹ má bu ẹyọ kan sí i.

Ẹja tó lègbò, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú ọpọ́n ńlá, kí àwọ̀n rẹ̀ àti korobá rẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí tó bá kú, ẹ sin ín. Ẹ má jù ú sí gọ́tà, ẹ má sì yan án tà. Ẹja àrọ̀ tí orí rẹ̀ là, oúnjẹ tó ti pẹ́ jù nílé ló sábà ń fà á, èyí tí fítámì C inú rẹ̀ ti kú. Iyọ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ọ̀rọ̀ kápúsù ń kọ́? Àwọn kan a máa tú tẹtirasáíkílììnì ènìyàn sínú táǹkì. Oògùn náà lè pa kòkòrò rere tí ń jẹ amóníà, omi yóò sì tún bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyókù oògùn a sì wà lára ẹja tí ẹ máa tà fún ọmọlọ́mọ. Oògùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní malachite green, ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò fọwọ́ sí i fún ẹja jíjẹ. Dókítà ẹran ló yẹ kó sọ oògùn tí ẹja yóò lò, àti iye ọjọ́ tí a óò dúró kí a tó pa á.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń sin ẹja òkun ẹlẹ́wà nínú dígí nílé, torí mo mọ̀ pé wọ́n wà ní Apápá. Tiyín dorí kodò. Omi tútù tí kò níyọ̀ ni oògùn ẹja tiyín. Bí kòkòrò pẹlẹbẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ rì í sínú omi tí kò níyọ̀, tí kọ́lórì ti fò kúrò nínú rẹ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti inú dígí, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ dúró tì í. Bó bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà kíákíá. Èyí tó bá ní ẹ̀fún funfun tó ń lọ tó tún ń bọ̀, ẹyin kòkòrò rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ dígí. Rírì nìkan kò lè wò ó. Ẹ kó àwọn ẹja sínú dígí mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe kò gbọdọ̀ kan dígí tí edé tàbí ìgbín òkun wà, yóò pa wọ́n.

Ibi tí ìmọ̀ wa bá pin sí, ẹ jáde síta. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣèwádìí nípa òkun àti ẹja, tí wọ́n ń pè ní NIOMR, wà ní Victoria Island láti ọdún 1975 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ẹja ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà ní Alausa. Ẹ gbé ẹja tó ń ṣàìsàn tó ṣì ń mí lọ, kì í ṣe òkú, kí ẹ sì bu omi táǹkì sínú ìgò mímọ́ kan, omi kànga sínú ìkejì.

Ní ti ìyá ní Coconut, a fa ìdajì omi táǹkì méjèèjì, a fi omi tí kò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 4, a kò sì fún wọn ní oúnjẹ. Táǹkì àkọ́kọ́ là. Nínú èkejì, díẹ̀ ló kù. Mo bá a lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀, mo dìde, mo ṣàlàyé pé ìmọ̀ràn mi ló tẹ̀ lé, wọ́n sì fún un ní oṣù mẹ́ta sí i láti san owó. Ó sọ fún mi pé tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹpìyà ọ̀sà ni òun yóò fi sí táǹkì kejì, èyí tí akọ rẹ̀ ń fi ẹnu gbé ẹyin, tí iyọ̀ kì í bà lẹ́rù. N kò ní kí ó má ṣe é. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri kànga, lẹ́tà gàdàgbà: TỌ́ Ọ WÒ NÁ.