Òrùka Ń Dín Ìnáwó, Òòfà Ń Mú Iṣẹ́ Yá

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí fílítà kámẹ́rà, tí a sọ fún àwọn ayàwòrán inú ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀ tí ń rí sí owó yíyá

 

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó ń dá owó sínú àpótí ẹgbẹ́. Bí ayàwòrán kan bá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ yá owó ra fílítà mẹ́sàn-án, báwo ni ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó jẹ́ alásọ òkè tàbí olóko kòkó yóò ṣe mọ̀ bóyá mẹ́sàn-án náà tọ́ tàbí kò tọ́? Bí a bá yá ènìyàn ní owó lórí ohun tí kò nílò, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè náà yóò kọ́kọ́ wà, ṣùgbọ́n bí kò bá rí i san, ọrùn gbogbo wa ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, n ó la ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí ó lè yé ẹni tí kò di kámẹ́rà mú rí.

Kí ni fílítà ń ṣe?

Fílítà ni dígí pẹlẹbẹ tí a fi òrùka irin yí ká, tí a ń dè mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì kámẹ́rà. Bí asẹ́ ti ń ya èèrí kúrò lára ògì, bẹ́ẹ̀ ni fílítà ń yan èyí tí yóò kọjá nínú ìmọ́lẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tí a ń ya ìnáwó.

Èkínní ni aláàbò, tí àwọn mìíràn ń pè ní UV. Èyí kì í sọ àwòrán di rere. Ó kàn ń gba ìyà lẹ́ǹsì jẹ ni: eruku ọyẹ́, omi tí ó ta síni lára, ìka ọmọdé tí ó fẹ́ fọwọ́ kan dígí.

Èkejì ni pọ́láráísà. Òun ni ó ń pa dídán tí kò wù wá: dídán gíláàsì ọkọ̀, ti omi, ti òógùn lójú ìyàwó. Ó sì ń mú kí ojú ọ̀run dúdú sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ jù lójú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, kì í ṣe níwájú tàbí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n dídán wúrà àti irin kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹ̀gbà wúrà rà á.

Ẹ̀kẹta ni fílítà dúdú tí à ń pè ní ND, èyí tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Àwọn tí ń ya fídíò ni ó wúlò fún jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí ń ya fídíò ní àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń fẹ́ kí kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ fún 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ijó lè máa ṣàn lójú, kí ó má máa ta gírígírí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àwọn ọ̀gá wa fi kọ́ wa, bí oòrùn bá mú ganrínganrín, ISO 100 àti f/16 ń béèrè 1/100. Bí a bá wá ṣí ihò lẹ́ǹsì dé f/2.8 kí ẹ̀yìn ìyàwó lè rí fúlọ́fúlọ́, kámẹ́rà yóò béèrè 1/3200. Láti 1/3200 padà sí 1/50 jẹ́ ìlọ́po 64. Fílítà ND64, tí ń jẹ́ kí ìdá kan nínú 64 ìmọ́lẹ̀ kọjá, ni ó bá a mu gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá ra ND8 fún iṣẹ́ yìí kò ra ohun tó tó, ẹni tí ó bá sì ra ND1000 ti ra òkùnkùn.

Ẹnu lẹ́ǹsì kò dọ́gba

Ibi tí owó ti ń jò nìyí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: fílítà gbọ́dọ̀ bá ẹnu lẹ́ǹsì mu, ẹnu àwọn lẹ́ǹsì kò sì dọ́gba. Lẹ́ǹsì Canon 50mm f/1.8 STM jẹ́ mìlímítà 49 ní ẹnu. Canon 85mm f/1.8 jẹ́ 58. Canon 24-105mm f/4L jẹ́ 77. Ti Nikon náà kò yàtọ̀: 50mm f/1.8G jẹ́ 58, 85mm f/1.8G jẹ́ 67. Ẹ má ṣe ṣi iye yìí mú fún 50mm tàbí 85mm tí a kọ sára lẹ́ǹsì. Ìyẹn ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń ríran jìnnà sí. Ẹ wá àmì òdo tí ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá, Ø. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ni fífẹ̀ ẹnu lẹ́ǹsì.

Ẹni tí ó bá ní lẹ́ǹsì Canon mẹ́ta tí mo dárúkọ wọ̀nyí, tí ó sì fẹ́ oríṣi fílítà mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án ni yóò rà. Àṣírí fílítà mẹ́sàn-án inú ìwé ẹ̀yáwó nìyẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fẹ́ ta lẹ́ǹsì tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kí ẹnu gbogbo rẹ̀ lè bá ara mu. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Òrùka ni ojútùú

Ọgbọ́n tí a nílò kì í ṣe tuntun. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n fi fílítà aláwọ̀ ìyeyè ya fíìmù dúdú-òun-funfun kí ìkùukùu lè hàn, mọ fílítà tí wọ́n ń pè ní Series. Dígí kan ni, òrùka oríṣiríṣi ni wọ́n fi ń dè é mọ́ lẹ́ǹsì oríṣiríṣi. Nikon náà fi mìlímítà 52 ṣe ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́ǹsì rẹ̀ láàrin ọdún 1960 sí 1980, kí fílítà kan lè sìn púpọ̀. Ní 1978, ayàwòrán ará Faransé kan, Jean Coquin, gbé fílítà onígun mẹ́rin tí à ń pè ní Cokin jáde. Òrùka nìkan ni ènìyàn ń pààrọ̀ láti lẹ́ǹsì dé lẹ́ǹsì.

Ohun tí a óò ṣe lónìí kò yàtọ̀. Ẹ wo lẹ́ǹsì yín tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ fi ra fílítà. Lẹ́yìn náà, ẹ ra òrùka ìsopọ̀ fún àwọn lẹ́ǹsì kékeré: 49 sí 77 fún ọ̀kan, 58 sí 77 fún èkejì. Ẹni tí ì bá ra fílítà mẹ́sàn-án yóò ra mẹ́ta àti òrùka méjì péré. Òrùka kò ní dígí nínú, nítorí náà owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti fílítà gidi.

Láti kékeré sí ńlá ni kí òrùka máa lọ. Bí ẹ bá fi òrùka mú fílítà kékeré jókòó sẹ́nu lẹ́ǹsì ńlá, etí fílítà yóò wọ inú àwòrán, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì ṣú. Ẹ má sì to òrùka lé ara wọn, 49 sí 58, 58 sí 67, 67 sí 77. Ẹ ra èyí tí ó lọ tààrà.

Bí ẹ bá fẹ́ yí òrùka wọlé, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀ títí yóò fi jókòó, kí ẹ tó yí i síwájú. Èyí kò ní jẹ́ kí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, kí ó ba ẹnu lẹ́ǹsì jẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò níbẹ̀. Òrùka idẹ kì í tètè há bí ti alumíníọ́mù. Bí ó bá há, ẹ má ṣe fún un, nítorí bí ẹ bá ti ń fún un ni yóò máa há sí i. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ sì rọra yí i.

Ohun kan tí ẹ óò pàdánù ni ìbòrí tí ń ṣíji bo lẹ́ǹsì. Kì í sábà wọlé mọ́ bí fílítà bá fẹ̀ ju ẹnu lẹ́ǹsì lọ. Ẹ fi ọwọ́ tàbí agboòrùn ṣíji bò ó.

Òòfà ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú wa, mo mọ̀ pé ibi tí ẹ ti ń retí mi nìyí. Fílítà olóòfà ni ó gbòde báyìí. Òòfà kì í gbá lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ mú, nítorí alumíníọ́mù tàbí ike ni ẹnu lẹ́ǹsì sábà máa ń jẹ́. A ní láti kọ́kọ́ yí òrùka ìpìlẹ̀ kan mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan. Òrùka yìí ni fílítà yóò máa lẹ̀ mọ́, gbàmù. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Kase àti Freewell ń ṣe é.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ìyàwó wà lábẹ́ àgọ́, ó bọ́ sínú oòrùn, ó tún padà sábẹ́ àgọ́: ẹni tí ń yí fílítà lọ́wọ́ yóò pàdánù ìgbà tí wọ́n ń náwó fún un. Olóòfà yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, yóò sì ṣí i, láàrin ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ohun tí ó yá láti lẹ̀ yá láti ṣí. Bí agbo bá gbóná, tí ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan gbá lẹ́ǹsì, fílítà lè já bọ́ sábẹ́ bàtà àwọn oníjó. Òòfà ń fa ẹ̀túká irin mọ́ra, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń jó irin. Ẹ má sì fi í pọ̀ mọ́ káàdì báńkì nínú àpò. Ìdérí àtijọ́ lè má bá òrùka ìpìlẹ̀ mu mọ́. Ìdérí olóòfà yóò di dandan. Lórí lẹ́ǹsì tí ń wo gbòòrò, òrùka àti fílítà tí ó nípọn lè mú igun ṣú. Ẹ ya ògiri funfun kan wò kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé.

Èyí tí ó wúwo jù ni pé òrùka ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà bá fílítà ilé-iṣẹ́ mìíràn mu. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ti tún padà sí ibi tí ó ti sá kúrò.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí o. Òrùka ni ó ń dín ìnáwó kù. Òòfà kàn ń mú iṣẹ́ yá ni. Ẹni tí kò bá tí ì ní owó kí ó ra òrùka lásán àti fílítà tí a ń yí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́nu lẹ́yìn ọ̀la, òrùka olóòfà wà tí a lè yí mọ́ ẹ̀yìn fílítà àtijọ́, tí òun náà yóò fi di olóòfà. Kò sí ohun tí yóò ṣòfò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe

Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá dá tà ni wọ́n ń yàn jẹ. Wọ́n pa kòkó wọn pọ̀, wọ́n jọ tọ́jú rẹ̀ kí ó lè dára bákan náà, wọ́n sì jọ tà á. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jọ ra nǹkan báyìí:

Èkínní, kí ayàwòrán kọ̀ọ̀kan kọ ìwọ̀n ẹnu gbogbo lẹ́ǹsì rẹ̀ fún Akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní lẹ́ǹsì 82, bíi Canon 24-70mm f/2.8L oríṣi kejì, 82 ni kí fílítà àjùmọ̀ní ẹgbẹ́ jẹ́, nítorí 77 kò lè sìn ín. Fún ti ara ẹni, kí kálukú ra ìwọ̀n èyí tí ó tóbi jù nínú tirẹ̀.

Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ olóòfà, kí a fẹnu kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí a jọ rà á lọ́pọ̀ yanturu, kí a sì jọ bá ọlọ́jà nájà.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di àjùmọ̀ní. Ọjọ́ Sátidé kan náà ni gbogbo wa ń lọ sí ìnáwó. Bí pọ́láráísà kan bá wà fún ènìyàn mẹ́wàá, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Ohun tí à ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a jọ rà á, kí kálukú ni tirẹ̀. Ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bíi ND1000 fún yíya ìṣàn omi, òun ni kí ó wà nínú àpótí ẹgbẹ́, pẹ̀lú ìwé tí a ó máa fọwọ́ sí. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ ni yóò san án.

Ẹ̀kẹrin, kí ìgbìmọ̀ dán ọjà wò kí a tó sanwó. Ẹ di pọ́láráísà mú síwájú ojú kàkúlétọ̀, bí yóò ṣe wà lẹ́nu lẹ́ǹsì gan-an, kí ẹ máa yí i: bí ojú kàkúlétọ̀ kò bá ṣú kí ó tún mọ́, ayédèrú ni. Ti fílítà dúdú, ẹ ya bébà funfun láìlò ó, kí ẹ tún fi í yà á: bí bébà bá di pupa tàbí àwọ̀ ewé, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fílítà dúdú wo oòrùn, kí ojú má bàa bàjẹ́.

Bí ìwé ẹ̀yáwó tuntun bá wá dé iwájú ìgbìmọ̀, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ béèrè: Kí ni ìwọ̀n lẹ́ǹsì rẹ tí ó tóbi jù? Òrùka mélòó ni o fẹ́? Ẹni tí ó bá dáhùn méjèèjì mọ ohun tí ó fẹ́ rà, kí ẹ yá a lówó.

 Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ wa má dàrú o.