Bíárìn fún Ẹ̀rọ Ilé Wa: Bí A Ṣe Lè Rà Á Kí Owó Má Bàa Ṣòfò
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo fẹ́ sọ. Akọ̀wé wa ni yóò sọ ìyẹn. Ohun tí èmi mú wá lónìí kéré, ó rí róbótó, ó sì ti lé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bíárìn ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n bá bíárìn méjì nínú báàgì oúnjẹ ọkùnrin kan ní géètì. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó rẹ̀ ló ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, àwọn oníbàárà sì ti ń gbé ata wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó rò pé bíárìn tí wọ́n ti tú kúrò lára ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò bèèrè mọ́. Èmi ni mo bá a wọlé sọ́dọ̀ máníjà. Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò mú un. Wọ́n dá a dúró, a sì fi ọdún kan gbáko lépa owó tó tọ́ sí i. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a wo bíárìn náà dáadáa, kò tilẹ̀ lè wọ ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀. Ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ṣáfútù lọ. Bí ó bá mọ nọ́ńbà kà ni, kì bá tí fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a kọ́ nọ́ńbà náà lónìí. Ẹ fi kẹrosíìnì nu bíárìn àtijọ́, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 6204. Méjì tó kẹ́yìn ló ń sọ bí ihò àárín ṣe fẹ̀ tó. Láti 04 lọ sókè, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: 04 jẹ́ mílímítà 20, 05 jẹ́ 25, 06 jẹ́ 30. Àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀: 00 jẹ́ 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Ìta 6204 jẹ́ mílímítà 47, ó sì nípọn ní 14. Ti 6205 jẹ́ 52, ó sì nípọn ní 15. Ìbáà jẹ́ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ìbáà jẹ́ Jámánì tàbí Japan, ìwọ̀n kan náà ni.

Ibi tí owó ti ń yọ́ gan-an nìyí. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ní, "Ẹ bá mi wá bíárìn ẹ̀rọ ìlọta," ọlọ́jà ti mọ̀ pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń rà, iye tó bá wù ú ni yóò pè. Ẹ sọ pé, "Mo fẹ́ 6204 méjì." Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà pẹ̀lú, nítorí bíárìn tó ní nọ́ńbà kan náà kò mọ̀ bóyá ata ni yóò lọ̀ tàbí èrò ni yóò gbé.

Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ yá fẹ́níà lọ́wọ́ àwọn fítà wa, kí ẹ wọn ihò, ìta àti nínípọn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, nítorí ínǹṣì ni wọ́n fi ṣe é. Ṣáfútù ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ mílímítà 19.05. Bí ẹ bá ki 6204 bọ̀ ọ́, àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà kan ni yóò kù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gé agolo mílíìkì láti fi dí i. Èmi náà ti ṣe é rí. Kò pé oṣù méjì tí ṣáfútù fi jẹ tán, owó ṣáfútù sì ju ti bíárìn lọ.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, lẹ́tà ló kàn. ZZ túmọ̀ sí pé páànù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. 2RS jẹ́ onírọ́bà. Fún ẹ̀rọ ìlọta tí omi ń ta sí, àti ẹ̀rọ kápẹ́ńtà tí eruku pákó ń bò, 2RS ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá rí C3, ó ní ààyè díẹ̀ sí i nínú fún ìgbà tí irin bá gbóná tó sì wú. Ó dára fún mọ́tò iná mànàmáná.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ́ ní Ìṣẹ̀ àti Ẹmùré, èyí tó jókòó sínú ilé irin tí a fi bóòtù dè mọ́lẹ̀, tí wọ́n kọ UCP205 sí, ẹ má ra odindi rẹ̀ bí ilé irin náà kò bá tíì sán. Ẹ ra UC205 ti inú nìkan. Ilé àtijọ́ á tún gbà á.

Ìta UC205 yìí yíká bí ọsàn, kí ó lè yí ara rẹ̀ díẹ̀ bí ṣáfútù kò bá tọ́. Ọ̀rọ̀ ṣáfútù tí kò tọ́ yìí ló sọ òṣìṣẹ́ kan di olókìkí. Sven Wingquist ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Gothenburg ní Sweden. Orí amọ̀ ni ilé náà wà, ilẹ̀ ń yẹ̀, ṣáfútù ń wọ́, bíárìn sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ó jókòó, ó ṣe bíárìn tó ń tún ara rẹ̀ tò, ní 1907 sì ni wọ́n dá SKF sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ kan gírísì ló rí i. Kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì.

Ní ti ayédèrú, ó pọ̀ lọ́jà. Ẹlòmíràn á mú àlòkù, á dán an, á fi í sínú páálí tuntun. Ẹ fi nọ́ńbà ara páálí wé ti ara irin. Ẹ wo inú ihò: bí ẹ bá rí ìlà ìhára, ó ti gun ṣáfútù rí. Ẹ yí i létí yín. Bí ó bá ń kùn bí ẹni ń jẹ iyanrìn, ẹ dá a padà. Bí orúkọ ńlá bá wà lára rẹ̀ tí owó rẹ̀ sì fi ìdajì dín sí ti ẹlòmíràn, ẹ bi ara yín ní ìdí rẹ̀. Ní tèmi, mo yan èyí tí kò lókìkí tó sì jẹ́ tuntun ju ayédèrú olórúkọ lọ. Ẹ̀rọ ìlọta kò nílò bíárìn olówó gọbọi. Èyí tó wà lórí ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin nìkan ni kí ẹ má ṣe ṣahun sí. Àti ti ẹsẹ̀ mọ́tò. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ gbọ́ o: tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ẹsẹ̀ mọ́tò tó ń kó ọmọ ènìyàn láti Adó lọ sí Àkúrẹ́, bí ẹ bá sì pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ abọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ bíárìn tuntun ni a ń fi ọwọ́ ara wa pa lọ́jọ́ tí a rà á. Bí ẹ bá ń kì í bọ ṣáfútù, òrùka inú ni kí ẹ fi páìpù tì. Bí ẹ bá ń kì í sínú ilé rẹ̀, òrùka ìta ni. Bí ẹ bá lu èyí tí kò yẹ, àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ á sàmì sí ojú ọ̀nà wọn, á sì máa pariwo. Ẹ má fi iná wẹ́dà yọ́ ọ. Bẹ́líìtì tó le jù náà ń pa á.

Ó ku ohun méjì tí mo fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí. Láti 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀, ohunkóhun tó ń ti òkè òkun wá ti gbówó lórí. Ẹni kan tó lọ ra méjì ní Ládìípọ̀ ní Èkó, owó mọ́tò rẹ̀ á ju owó bíárìn lọ. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kó owó jọ, kí a rán ẹni kan ṣoṣo lọ. Èkejì, kí Alága bá àwọn máníjà jíròrò, kí wọ́n máa fi ìwé ta irin àlòkù fún òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́, kí ẹ̀ṣọ́ géètì rí ìwé náà. Títí a ó fi gba ìwé náà, ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ohunkóhun jáde, bó ti wù kó jẹ́ àlòkù tó.

Mo ti fa ìlà sínú ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà bíárìn, lẹ́tà rẹ̀ àti iye tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì mú ìdajì owó wá fún akápò ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rí nọ́ńbà kà, kó gbé bíárìn àtijọ́ náà wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́. Kó nù ún kó tó gbé e wá o.