Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou,

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ara mi kò bá yá, ìjọba ló ń san púpọ̀ nínú owó ìtọ́jú mi. Àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi kò ní irú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un, oko kájú rẹ̀ ló fi dógò. Títí di òní, ẹlòmíràn ló ń ká a.

Àwọn kan ní kí ìjọba má dá sí adójútòfò ìlera, èyí tí a ń pè ní asúráńsì. Wọ́n ní a ṣáà ní àjọ wa. Òótọ́ ni, àjọ dára. Ṣùgbọ́n bí ogún obìnrin bá dájọ, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún méjì nínú wọn lóṣù kan náà, àpótí gbẹ nìyẹn. Asúráńsì fẹ́ èrò púpọ̀. Tí a bá tún ní kí ẹni tó wù nìkan wọlé, ẹni tó ti ń ṣàìsàn ni yóò wá. Ìjọba nìkan ló lè kó gbogbo wa pọ̀.

Ìjọba náà ti gbìyànjú. Ní 2009, iṣẹ́ abẹ fún aboyún di ọ̀fẹ́. Ní 2011, Ààrẹ Boni Yayi bẹ̀rẹ̀ RAMU. Ààrẹ Talon wá gbé ARCH dé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní 2019, Ìdáàṣà àti Glazoué, aládùúgbò wa, wà nínú rẹ̀. Ìjọba ló ń san gbogbo owó fún àwọn tó tòṣì pátápátá. Òfin 2021 sì ní kí gbogbo ènìyàn ní asúráńsì.

Àgbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé mi ńkọ́? Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kò sì ní kà á mọ́ òtòṣì, torí ó ní oko. Àìsàn kan ṣoṣo ló sọ ọ́ di òtòṣì.

Ohun tí mo rò nìyí: kí ìjọba san ìdajì fún irú wọn, kí àwọn náà san ìdajì. Kí wọ́n máa gbà á lásìkò kájú, nígbà tí owó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, torí àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Kí oògùn sì wà nílé ìwòsàn, torí káàdì kì í wo ibà.

Bí àwọn tó ń wá ìbò bá dé, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè èyí kí a tó pàtẹ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.