Ihò Kọ́kọ́rọ́ Lára Ilẹ̀kùn

Ẹ wo ilẹ̀kùn tí kápẹ́ńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sí: ojú kan ń dán, ojú kejì ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Kì í ṣe igi ló burú. Ayùn oníhò, èyí tó rí roboto bí ife, tí eyín yí etí rẹ̀ ká, ni wọ́n tì láti ojú kan já sí èkejì.

Ihò kọ́kọ́rọ́ olórí roboto sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 54. Ẹ lu ú títí ẹnu dírìlì kékeré tó wà láàrin ayùn yóò fi yọ lódìkejì. Ẹ dúró. Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ parí ẹ̀ níbẹ̀.

Bí ayùn bá ṣe fẹ̀ tó ni eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù tó. Lórí irin, ẹ máa kán òróró ẹ̀rọ sí i. Bí pákó bá ń rú èéfín, èérún igi ti dí eyín ayùn, ẹ fà á jáde kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ayùn tí ẹnu rẹ̀ ti kú ló léwu jù, torí tipátipá lèèyàn máa tì í, ọwọ́ á sì yọ̀.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ẹ bọ́ ọ nídìí dírìlì. Ẹ̀rọ tó ń yí lè fà á wọlé tọwọ́tọwọ́. (Agbádá, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀!) Awò ojú ni kí ẹ má yọ. Ẹ de pákó mọ́ tábìlì, ẹ má fọwọ́ dì í mú.

Kí ẹ tó pààrọ̀ ẹnu dírìlì, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná.