Kí Dókítà Tó Dé, Aládùúgbò Ti Dé

Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ oògùn, a ò sì ní sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àwa àti ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí iná bá jó ọmọ yín ní aago méjì òru, ta ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín? Dókítà ń sùn nílé rẹ̀, ọ̀nà sì jìn. Aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe yín, òun náà ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bó bá mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ ewu. Bí kò bá mọ̀, á kàn bá yín sunkún ni, á sì bá yín wá epo pupa tí ẹ ó fi pa egbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á jọ kọ́ ọ, gbogbo ará ilé kan náà, kí ọjọ́ náà tó dé. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lórí kpayo, torí pé kò sí àdúgbò wa tí kò sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ẹnubodè Nàìjíríà. Ó ju ọgbọ̀n ènìyàn tó bá a lọ. Mo mọ̀ pé kpayo ni ọ̀pọ̀ fi ń bọ́ ọmọ, mi ò sì wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí epo yìí ṣe ń gbaná. Èéfín epo tí a ò rí, èyí tí imú wa ń gbọ́ òórùn rẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ gbaná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló sì ń bá rìn. Ìgò epo lè wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí iná àdògán wà lẹ́nu ọ̀nà, kí èéfín náà rìn lọ bá iná níbẹ̀, kí iná sì bá ọ̀nà kan náà padà wá sídìí ìgò. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé epo sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, tàbí ibi tí ẹ ti ń dáná. Ẹ má ṣe fi àbẹ́là wá a lóru. Ẹ má ṣe tan oògùn ẹ̀fọn tó ń jó sítòsí rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé tí gbogbo nǹkan gbẹ, ẹ fi ìṣọ́ra kún ìṣọ́ra.

Bí epo bá gbaná, ẹ má da omi sí i. Epo á léfòó lórí omi, iná á sì máa bá omi náà ṣàn lọ. Iyanrìn ni ẹ ó dà sí i. Bí ó bá jẹ́ òróró tí ẹ fi ń dín àkàrà ló gbaná nínú agbada, ẹ fi ìdérí ńlá bò ó, ẹ pa iná abẹ́ rẹ̀, ẹ má sì gbé agbada náà sáré jáde. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ ti ẹnu àgbá gáàsì náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má ṣáná, ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí a ti ń tan iná mànàmáná. Bí iná bá ju agbára yín lọ, ẹ kó ọmọ jáde, ẹ pe àwọn panápaná lórí 118. Ẹ fi ẹrù sílẹ̀ o. Ẹrù ṣeé rà padà.

Bí aṣọ bá ń jó lára ènìyàn ńkọ́? Kó má sáré. Ìsáré ló ń fẹ́ iná. Kó dùbúlẹ̀, kó máa yí nílẹ̀, kí ẹnìkan sì fi aṣọ òwú tó nípọn bò ó. Lẹ́yìn náà, omi ló kàn. Omi tútù lásán, èyí tó mọ́, ni kí ẹ máa dà sójú ibi tó jó fún ogún ìṣẹ́jú. Mo ní ogún ìṣẹ́jú o, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti ka ẹ̀ẹ́wàá. Ẹ má lo omi yìnyín. Bí ẹ bá ń da omi sápá ọmọ, ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má baà mú un. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kíákíá. Bó bá jẹ́ ìdí tàbí ikùn ló jó, ẹ já ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, torí pé ara á wú, ìlẹ̀kẹ̀ á sì fún un. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ egbò, ẹ má fà á. Ibi tó bá wú tó ní omi nínú, ẹ má bẹ́ ẹ.

Ẹ má fi epo pupa pa á, ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi ẹrẹ̀. Nílé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá pẹ̀lú gbogbo ìyẹn lára, àwa náà ní láti kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kúrò kí á tó rí ojú egbò. Ìrora kejì nìyẹn fún ọmọ. Ẹ mú aṣọ ìró tó mọ́ tónítóní, ẹ fi bo egbò náà wẹ́rẹ́, ẹ máa bọ̀. Bí egbò bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lọ, tàbí bó bá wà lójú, lọ́wọ́, ní oríkèé tàbí lójú ara, ẹ má dúró wo ilẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bó ti wù kí egbò kéré tó, ẹ gbé e wá.

Ohun mìíràn tún wà nípa kpayo. Inú ìgò ohun mímu ni a ń rọ ọ́ sí, ọmọdé ò sì mọ̀ pé epo ni. Bí ọmọ bá mu ún, ọwọ́ ìyá á kọ́kọ́ lọ síbi kó fi ìka sí i lọ́nà ọ̀fun kó lè bì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí epo bá ń padà bọ̀, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń yà sí, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń bà jẹ́. Epo pupa àti wàrà tí a máa ń fún un lè mú kó bì, nítorí náà ẹ má fún un. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì mú ìgò náà dání. Bó bá ń wúkọ́, tó ń mí gúlegúle, tàbí tó ń tòògbé, ẹ ṣe kíá. Ìgò ohun mímu kò yẹ kó wọ ibi tí epo wà mọ́. Bídọ́ọ̀n tó ní ìdérí tó le, tó wà níbi tí ọwọ́ ọmọ ò tó, òun ló dára.

Ó kan aboyún. Mélòó lára àwọn aládùúgbò yín ló lóyún báyìí? Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ lọ béèrè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, bí orí bá ń fọ́ ọ gidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n bí ẹni tí gìrì mú, bí omi bá ti já, tàbí bí ọmọ inú rẹ̀ kò bá mira mọ́, ilé ìwòsàn lọ́wọ́ kan náà. Bó bá ti bímọ sílé tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ má fa ìwọ́ o. Ẹ jẹ́ kó tọ̀, ẹ gbé ọmọ sí i lọ́yàn, torí pé ọmú tí ọmọ ń fà máa ń mú kí ilé ọmọ sún kì. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ gbéra. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà báyìí kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ohun tó sì ń fà wá sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà ni pé a ń dúró de bàbá ọmọ kó wá sọ pé kí á lọ. Bàbá wà lóko, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ẹ bá a sọ ọ́ nísinsìnyí tí ara le. Kó dárúkọ ẹni tó lè pàṣẹ bí òun ò bá sí nílé, kí àwọn aládùúgbò sì gbọ́ ọ létí.

Ó dáa. Kí ni ilé kan gbọ́dọ̀ ní? Garawa iyanrìn gbígbẹ méjì lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni ò ní fi kọ́lé. Agbada omi tó mọ́, tó ní ìdérí. Iná tọ́ọ̀ṣì kan tí bátìrì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ìró méjì tí a fọ̀, tí a lọ̀, tí a wé sínú ọ̀rá. Orúkọ ọlọ́kọ̀ tàbí ọlọ́kadà méjì tó ti gbà pé òun á jí lóru. Kí ọmọ tó mọ̀wé kọ nọ́ńbà wọn àti ti ilé ìwòsàn sára ògiri, torí pé bí fóònù bá wà ní títì, nọ́ńbà inú rẹ̀ ò ṣe é rí. Ẹ rántí pé láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, 01 ló máa ń ṣáájú nọ́ńbà fóònù wa ní Benin. Nọ́ńbà àtijọ́ tó wà lára ògiri kò ní lọ bí ẹ ò bá fi 01 síwájú rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ mọ àjọ dá, ẹ kì í ṣe ẹni tí mo ń kọ́. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá 200 séfà ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ọjà méje, 14,000 séfà ti wà nílẹ̀. Owó ọkọ̀ òru nìyẹn, àti ti oògùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ná an, á dá a padà díẹ̀díẹ̀. Kí ẹni kan mú àpótí, kí ẹlòmíràn mú kọ́kọ́rọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ẹnu ni a fi ń pe aburú, ẹ má jẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀. Ìyá mi, ẹni tó ra agboòrùn kọ́ ló ní kí òjò rọ̀. Àwọn mìíràn á ní, “Èmi àti ìyá ilé kejì ò bára wa sọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù. Ìjà orí omi ẹ̀rọ, ìjà orí ọmọ tó na ọmọ, ó wà ní gbogbo ilé. Àmọ́ lọ́jọ́ tí iná bá sọ, ògiri kan náà lẹ jọ ní. Ẹ má tíì parí ìjà bí ẹ ò bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ mọ ibi tí iyanrìn wà.

Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn ọjà. Ẹ jókòó sí àgbàlá. Kí ọmọ kan dùbúlẹ̀ bí ẹni tí iná jó, kí olúkúlùkù fi hàn ohun tóun á ṣe. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dáa, torí pé ohun tí a fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè sá lọ lọ́jọ́ ìpayà. Ẹ pe àwọn ọmọ tó ti gbọ́n sí i, ẹ pe ìyá àgbà, ẹ pe àwọn ọkùnrin náà. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ padà wo iyanrìn, owó àti nọ́ńbà.

Ní alẹ́ òní, ohun mẹ́ta péré ni mo bẹ̀ yín fún: ẹ gbé epo kúrò níbi tí ọmọ ń sùn, ẹ wá iyanrìn garawa kan, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kan kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún un. Ilé ìwòsàn ń dúró dè yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni ó máa gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ wa láàyè. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má fi ibi kàn wá.