Ta Ni Ọ̀gá Rẹ Gan-an? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Tó Ń Wá Iṣẹ́ Epo

Ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ epo ló sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìpàdé gbogbogbò wa. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú tí kò ráàyè wá.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo ṣe rí. Ọdún 22 ni mo fi ṣe é, ní ẹ̀ka àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ní apá ìpínlẹ̀ Delta. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ adùn rẹ̀ ná, kí ẹ má baà ní mo wá dẹ́rù bà yín. Ọjọ́ 14 la máa ń lò lójú omi, a ó sì fi ọjọ́ 14 wà nílé. Tí o bá wà lọ́hùn-ún, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á bá ọ fọṣọ, iná kì í lọ. Iṣẹ́ náà sì ń kọ́ èèyàn. O ò lè déédéé ṣí fáàfù láì gba ìwé àṣẹ. Kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, wàá pa á, wàá fi àgádágodo ti ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá, kọ́kọ́rọ́ á sì wà nínú àpò tìrẹ, kí ẹnì kan má baà lọ tàn án nígbà tí ọwọ́ rẹ wà nínú rẹ̀. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ tún jẹnẹrétọ̀ ilé mi ṣe, mo máa ń yọ orí bátìrì kúrò kí n tó kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyàwó mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Tí ẹ bá débẹ̀, aṣọ iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa wọ̀, akoto kan náà la dé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ẹ ò lè mọ èyí tí inú ń run. Káàdì ọrùn lẹ máa wò. Àwọ̀ kan wà fún stáàfù, òmíràn wà fún àwọn tí kọ́ńtírátọ̀ kó wá. Níbi tiwa, hẹlikọ́pítà ló ń gbé stáàfù. Àwọn yòókù á wọ ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí gbọọrọ, ìgbì á máa gbá wọn. Èèyàn méjì á jọ tú ẹ̀rọ kan náà, wọ́n á jọ tò ó padà, owó ọ̀kan á tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Ìhà méjèèjì ni mo ti gbé. Ọdún 9 àkọ́kọ́, abẹ́ kọ́ńtírátọ̀ ni mo wà. Ọdún 13 tó kù, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbà mí.

Láàárín ọdún 9 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ kọ́ńtírátọ̀ lé wa lórí. Iṣẹ́ ò yí, ibùsùn ò yí, lẹ́tà ló ń yí, wọ́n á sì ní ẹni tuntun ni wá. Ọ̀kan nínú wọn ń yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú owó oṣù wa. Ìgbà tá a yẹ àkáǹtì wò, ọ̀pọ̀ oṣù ni kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní ká lọ bá kọ́ńtírátọ̀, kọ́ńtírátọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ò tíì sanwó fóun.

Ti owó ṣì kéré. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu lè dá iṣẹ́ dúró. Òótọ́ ni. Stáàfù kan ṣe é níṣojú mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ kọ́ńtírátọ̀ tó bá ṣe é, kò sẹ́ni tó máa lé e lọ́jọ́ náà o. Ìgbà tí orúkọ àwọn tó ń padà bọ̀ bá jáde ni ò ní rí tiẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ọmọ yìí fi máa ń dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ló sì ń géni níka. Páìpù tẹ ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìka méjì. Kílíníìkì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tó kan owó gbà-má-bínú, ìbéèrè tí wọ́n bi í ni pé, "Òṣìṣẹ́ ta ni ẹ́?" Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ń gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi bọ́ọ̀lù. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó tọ́jú àti ìròyìn ìjàǹbá tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà ló gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, tí iṣẹ́ bá jáde, ẹ má wo orúkọ tó wà lẹ́nu géètì. Orúkọ tó wà lórí lẹ́tà ni kẹ́ ẹ wò, ẹni yẹn lọ̀gá yín. Òfin Òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ fún yín ní ìwé tó sọ orúkọ rẹ̀, irú iṣẹ́ náà àti owó rẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè fi ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù yín sí àkáǹtì, ẹ̀yin náà á fi 8 sí i. Ó tún ní kí wọ́n ṣe inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún yín, tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí owó ọdún mẹ́ta. Ẹ máa yẹ àkáǹtì yín wò lóṣooṣù, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kúrò.

Tẹ́ ẹ bá farapa, òfin ti 2010 ní kẹ́ ẹ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kí òun náà fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó.

Ẹ tún wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. NUPENG wà fún àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, PENGASSAN wà fún àwọn àgbà. Àwọn kan á sọ pé kò sí ẹgbẹ́ fún ọmọ kọ́ńtírátọ̀. Irọ́ ni.

Ṣẹ́ ẹ sì ti ṣàkíyèsí pé orúkọ ẹnu géètì gan-an ti ń yí? Ní 2024, Oando ra iṣẹ́ Agip tó wà lórí ilẹ̀, Seplat ra ti Mobil tó wà létí òkun. Nígbà tó di March 2025, Renaissance gba ti Shell. Tí ilé-iṣẹ́ bá ta ara rẹ̀, àdéhùn máa ń wà lórí àwọn stáàfù. Ọmọ kọ́ńtírátọ̀, ọjọ́ tí kọ́ńtírátì bá parí ló ń wò. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Èmi àti àwọn méjì mìíràn tá a jọ fẹ̀yìn tì ti gbà láti máa bá yín ka lẹ́tà, ní gbọ̀ngàn yìí, lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù. Ẹ mú un wá kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin òbí, tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun tó fi ọmọ yín wọlé, ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó lọ sí báǹkì. Àwa ò ní gba kọ́bọ̀.